Ẹ Má Tíì Fún Òkú Náà Ní Fọ́málíìnì

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Iṣẹ́ àyẹ̀wò òkú ni iṣẹ́ àwa tí a kọ lẹ́tà yìí, Abẹ́òkúta níbí ni a sì ti ń ṣe é. Ẹ̀bẹ̀ kan la gbé wá. Bí èèyàn bá kú ikú òjijì, tàbí ikú tó mú ìfura lọ́wọ́, kí ẹbí má ṣe jẹ́ kí wọ́n fún òkú náà ní fọ́málíìnì, oògùn tí kì í jẹ́ kí òkú tètè jẹrà, kí wọ́n má wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má sì bọ́ aṣọ ọrùn rẹ̀ títí dókítà tó mọ̀ nípa àyẹ̀wò òkú yóò fi rí i. Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹbí ń ṣe ò jọ èyí rárá. Ẹni tó ṣubú lulẹ̀ ní Kútọ̀ ní aago 8 àárọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti fi òwú dí i nímú, wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́. Ó di ọjọ́ kẹta kí ẹnìkan nínú ẹbí tó pariwo pé ikú yìí ò yé òun, kí wọ́n lọ pe ọlọ́pàá, kí dókítà wá yẹ òkú wò. Àánú irú ẹbí bẹ́ẹ̀ a máa ṣe wá gan-an, torí ìbéèrè tí wọ́n gbé wá, abẹ́rẹ́ ti pa ìdáhùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí fọ́málíìnì ń ṣe. Ẹni tó ń tọ́jú òkú á la ọrùn tàbí òkè itan, á wá òpójẹ̀ ńlá tó wà níbẹ̀ kàn, á ki rọ́bà bọ̀ ọ́, á sì jẹ́ kí omi oògùn náà ṣàn wọ gbogbo ara. Fún àgbàlagbà, ó lè tó lítà 10. Omi yìí á ti ẹ̀jẹ̀ jáde nínú òpójẹ̀, á sì mú kí èyí tó ṣẹ́ kù dì. Ẹran ara á gan bí ẹyin tí wọ́n sè. Kòkòrò tí í mú nǹkan jẹrà ò lè rí irú ẹran bẹ́ẹ̀ jẹ mọ́, ìdí nìyẹn tí òkú fi ń pẹ́ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí à bá yẹ̀ wò fún májèlé ti lọ. Bó bá jẹ́ sáyánáìdì ló pa ẹni náà, fọ́málíìnì á pa sáyánáìdì náà rẹ́. Bó bá jẹ́ ọtí ló mu, a ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí iye tí ẹ̀rọ bá gbé jáde, torí ọtí oríṣi mìíràn wà nínú oògùn òkú fúnra rẹ̀. Kò tán síbẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n là lọ́rùn yẹn gan-an ni à bá wò bóyá wọ́n fún un lọ́rùn pa. Àwọn kan tún máa ń fi irin gígùn gún ikùn láti fa omi àti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Irin náà á lu ẹ̀dọ̀, á lu ìfun, á wá kù sí wa lọ́wọ́ láti mọ ihò tó jẹ́ ti irin àti ihò tó jẹ́ ti ọ̀bẹ.

A ò pe fọ́málíìnì ní nǹkan burúkú. Bàbá àgbàlagbà tí dókítà rẹ̀ mọ àrùn tó pa á, tó ti fọwọ́ sí ìwé ikú rẹ̀, tí àwọn ọmọ ń bọ̀ láti òkè òkun wá sin, kò sí ohun tó burú bí wọ́n bá fún un. Bákan náà, àwọn nǹkan kan wà tí oògùn yìí kì í bà jẹ́: egungun tó kán, ọta ìbọn, ọkàn tó tóbi kọjá bó ṣe yẹ, jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀. Májèlé ni ó ń ṣòro jù, májèlé sì ni ohun àkọ́kọ́ tí àwọn èèyàn wa máa ń fura sí.

Fíríìjì ló yẹ kó gba ipò fọ́málíìnì fún irú òkú bẹ́ẹ̀, kó máa tutù ní nǹkan bí 4°C. Níbẹ̀ òkú lè wà fún ọjọ́ púpọ̀ láìyí padà tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe kí wọ́n sọ ọ́ di yìnyín o. Òkú tó bá ti dì bí ẹja yìnyín lè gba ọjọ́ 2 sí 3, tàbí jù bẹ́ẹ̀, kó tó yọ́. Ìta á ti máa rà kí inú tó rọ̀, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ á sì ti fọ́. A mọ ìdí tí àwọn mọ́ṣúárì fi ń sá tọ fọ́málíìnì: iná ìjọba ò ṣeé gbọ́kàn lé, owó dísù sì ń ga sókè lójoojúmọ́. Ẹni tó ń ṣọ́ òkú 30 tí iná ti lọ fún ọjọ́ 2 ò ní ọ̀nà mìíràn. Ibẹ̀ ni ìjọba ìpínlẹ̀ lè ti ràn wá lọ́wọ́: fíríìjì kékeré kan tó gba òkú 4 tàbí 6, tí iná oòrùn ń gbé, tó jẹ́ ti òkú tí ọlọ́pàá tàbí kórónà, ìyẹn adájọ́ tó ń wádìí ikú, ní kí a yẹ̀ wò nìkan, ní ilé ìwòsàn ìjọba kọ̀ọ̀kan tó ní mọ́ṣúárì.

Ká tó gbé ọ̀bẹ rárá, iṣẹ́ ti ń lọ. Ìta ara ni a máa ń pẹ́ lé lórí jù. A ó ya òkú ní fọ́tò pẹ̀lú aṣọ rẹ̀ lọ́rùn, a ó bọ́ aṣọ náà, a ó tún ya á. A ó wọn gígùn rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀. Ọgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, a ó fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a ó kọ bó ṣe gùn tó, bó ṣe fẹ̀ tó, bó ṣe ga sí gìgísẹ̀ àti bó ṣe jìnnà sí àárín ara. Ìlà ojú, àpá gbẹ́rẹ́, àpá iṣẹ́ abẹ, eyín tó ti yọ, gbogbo rẹ̀ á wọ ìwé, torí wọ́n lè jẹ́ ká mọ ẹni tí a ò mọ orúkọ rẹ̀. Gbẹ́rẹ́ tuntun lọ́rùn ọwọ́ tàbí lókè àyà, ẹni tí kò mọ àṣà wa lè pè é ní ọgbẹ́ ìjà. Ohun tó yẹ kó wò ni bó ṣe tò ní méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, tó mọ níwọ̀n, tí kò jinlẹ̀ kọjá awọ.

Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tí gbogbo èèyàn máa ń bi wá: aago mélòó ló kú? Àwọn ìwé tí wọ́n kọ ní ilẹ̀ òtútù sọ pé òkú a máa tutù ní nǹkan bí 1°C ní wákàtí kan. Ní Abẹ́òkúta, lóṣù kẹta, tí inú yàrá gbóná tó 35°C, ara tó wà ní 37°C ò ríbi tutù sí. Ẹ̀rọ ìwọ̀n ooru ò fi bẹ́ẹ̀ wúlò níbẹ̀. Gígan òkú ló kù tí a lè tẹ̀ lé. Òkú á kọ́kọ́ rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀. Láàrin wákàtí 2 sí 4, àgbọ̀n àti ìpéǹpéjú á bẹ̀rẹ̀ sí í le, á ti ibẹ̀ wọ ọrùn, apá, dé ẹsẹ̀. Ní ilẹ̀ òtútù, ó ń tó wákàtí 12 kó tó le tán, á sì wà bẹ́ẹ̀ ju ọjọ́ kan lọ. Níbí, gbogbo rẹ̀ ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òkú tó gan lóru lè ti máa rọ̀ padà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Ẹni tó sá eré títí tó fi ṣubú, tàbí tí gìrì mú kó tó kú, á tètè gan ju ẹni tó kú lójú oorun lọ. Ẹ ó rí i nígbà náà pé àwọn tó ń wẹ òkú, tí wọ́n fi agbára na ìgúnpá rẹ̀ kí aṣọ lè wọ̀ ọ́, ti pa àmì kan rẹ́: ìgúnpá tí wọ́n ti fipá nà ò ní le padà mọ́.

Ẹ̀jẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Bí ọkàn bá ti dúró, ẹ̀jẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ sí apá tó kan ilẹ̀, á sì yí àwọ̀ ibẹ̀ padà. Láàrin wákàtí 8 sí 12, ó máa ń dúró síbẹ̀ pátápátá. Bí wọ́n bá bá òkú tó fẹ̀yìn lélẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ sì ti sọ̀ sí àyà àti ojú rẹ̀, ẹnìkan ti yí i padà lẹ́yìn ikú. Lára èèyàn dúdú, àmì yìí ṣòro rí lórí awọ. Ẹ ní láti wo àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀, ètè, abẹ́ èékánná àti inú ìpéǹpéjú. Ojú àyẹ̀wò tó ń kánjú ń fo ibẹ̀ kọjá.

A fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ohun tí àwọn èèyàn máa ń pè ní àmì májèlé, torí ó ti kó ọ̀pọ̀ opó sí wàhálà. Bí òkú bá ti lo ọjọ́ kan sí méjì nínú ooru, apá ọ̀tún ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ á kọ́kọ́ di àwọ̀ ewé, torí ibẹ̀ ni ìfun ńlá ti súnmọ́ awọ jù, tí kòkòrò inú rẹ̀ sì pọ̀ jù. Àwọn ìṣàn ẹ̀jẹ̀ á yọ lára bí ẹ̀ka igi. Ikùn á wú, ahọ́n á yọ síta, ojú á ràn. Afẹ́fẹ́ inú ikùn á wá ti omi pupa tó dà bí ẹ̀jẹ̀ gba imú àti ẹnu jáde. Omi ìjẹrà lásán ni. Awọ á máa ṣí kúrò bí ẹni tí omi gbígbóná dà lé. Gbogbo ìwọ̀nyí ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru pa, sí ẹni tí ibà pa, sí ẹni tó kú tọ́jọ́-tọ́jọ́. Ẹni tó rí i tó ní "ìyàwó rẹ̀ ló fún un jẹ" ń fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kan ẹni ẹlẹ́ni lórí ohun tí ooru ṣe.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ létí Odò Ògùn. Wọ́n á gbé òkú jáde lómi, ètè ò sí, etí ò pé, ojú ti jẹ, ariwo á sì sọ pé àwọn tó ń fi èèyàn ṣòògùn ló gé e. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n alákàn àti ẹja kì í gbé ojú ọ̀bẹ. Ibi tó rọ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ jẹ, etí ibi tí wọ́n jẹ á rí wúruwùru, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní tàn wọ inú ẹran tó yí i ká, torí ọkàn ti dúró kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀bẹ ń gé gẹ́rẹ́. Bó bá jẹ́ pé ẹni náà wà láàyè nígbà tí wọ́n gé e, ẹ̀jẹ̀ á ti wọ inú ẹran ibẹ̀ ṣinṣin, fífọ̀ ò sì ní fọ̀ ọ́ kúrò. Pé omi ló pa á gan-an tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Awọ ọwọ́ tó hun jọ fi hàn pé ara pẹ́ nínú omi ni, kò fi hàn pé èémí wà nínú rẹ̀ nígbà tó wọ omi. Ìfófó funfun tó ń yọ ní imú, tí èèyàn nù tán tó tún yọ, àti ẹ̀dọ̀fóró tó wú, tó wúwo, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé ara wọn láàrin àyà, ni a máa ń wá. Síbẹ̀, a ní láti kọ́kọ́ yọ ohun mìíràn tó lè pa á kúrò, orí tó fọ́, ọrùn tí wọ́n fún, ọkàn tó dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, ká tó sọ pé omi ni.

Ti iná náà ò jìnnà sí i. Òkú tó jóná máa ń ká ọwọ́ sókè, ó máa ń di ìkúùkù, bí ẹni tó ń bá ènìyàn jà. Ooru ló fa iṣan ara rẹ̀ sókè. Bí èédú èéfín bá wà nínú ọ̀nà èémí rẹ̀, nísàlẹ̀ ibi tí ohùn ti ń jáde, ó ń mí nígbà tí iná ń jó. Bí ọ̀nà èémí bá mọ́ tónítóní, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pa á kí wọ́n tó dáná sun ún.

Ẹ wá wo èéfín jẹnẹrétọ̀. Tọkọtaya àti ọmọ sùn, jẹnẹrétọ̀ wà lọ́dẹ̀dẹ̀ abẹ́ fèrèsé, ilẹ̀ mọ́, ẹnikẹ́ni ò jí. Àdúgbò á ní oúnjẹ alẹ́ ni. Bí a bá là á, ẹran ara àti ẹ̀jẹ̀ á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó mọ́lẹ̀ ju bí ẹ̀jẹ̀ òkú ṣe ń rí lọ. Àyẹ̀wò kékeré kan wà tí kò náni lówó: a ó po ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ mọ́ omi púpọ̀ nínú ìgò, a ó kán kọ́sítíìkì sódà sí i, a ó sì ṣe ohun kan náà sí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí a mọ̀ pé kò fa èéfín. Ẹ̀jẹ̀ lásán á di àwọ̀ ilẹ̀ kíá, ti ẹni tí èéfín pa, á ṣì máa pọ́n. Ilé àyẹ̀wò á wá sọ iye rẹ̀ gan-an. Nígbà tí ìdajì ẹ̀jẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá ti gbé èéfín yìí dípò afẹ́fẹ́ tó dára, ẹ̀mí kì í sábà dúró. Bí wọ́n bá ti fi fọ́málíìnì fọ ẹ̀jẹ̀ náà lọ, kí la ó fi ṣe é?

Ní ti lílà òkú, ọ̀bẹ á gba èjìká méjèèjì wá sí àárín àyà, á sọ̀ kalẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ ikùn. A ó gé egungun ìhà níbi tó ti rọ̀, a ó gbé egungun àyà kúrò bí ẹni ṣí ìdérí. Ká tó yọ ọkàn, a ó kọ́kọ́ la òpójẹ̀ tó ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró níbi tó wà gan-an, ká má bàa sọ ẹ̀jẹ̀ dídì tó bá há síbẹ̀ nù. Ẹ̀jẹ̀ dídì yìí a máa gbéra láti iṣan ẹsẹ̀ ẹni tó ti dùbúlẹ̀ pẹ́, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ, tàbí ìyálọ́mọ tuntun tó dìde lọ wẹ̀ tó sì ṣubú kú. Àwọn ayé ni wọ́n máa ń ní ó ṣe é. A ti ń bá a nínú òpójẹ̀ náà, ó nípọn, ó gùn, ó ká bí ejò.

Gbogbo ẹ̀yà inú ni a ó gbé sórí òṣùwọ̀n. Ọkàn ọkùnrin tó dàgbà a máa wà láàrin 300 sí 350 gíráàmù. Ti obìnrin kéré díẹ̀ sí i. Ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá fínra fún ọdún pípẹ́ lè tó 500 tàbí 600 gíráàmù, ògiri apá òsì rẹ̀ á sì nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 1.5 lọ. Àwọn òpójẹ̀ kéékèèké tó ń bọ́ ọkàn, a ó gé wọn lébélébé ní mílímítà 3 sí ara wọn, ká lè rí ibi tí ọ̀rá ti dí wọn. Ẹ̀dọ̀ a máa tó kílò kan àti ààbọ̀, ọpọlọ nǹkan bí 1,300 sí 1,400 gíráàmù, kíndìnrín kọ̀ọ̀kan nǹkan bí 150. Ikú òjijì tó pọ̀ jù tí à ń rí, ara àrùn ni wọ́n ti ń wá: ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti ọkàn kọjá agbára rẹ̀, tàbí tó bẹ́ òpójẹ̀ nínú ọpọlọ. Yorùbá ní ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fúnni. Ẹ̀gbọ́n tó kú ní ẹni ọdún 45 pẹ̀lú ọkàn 600 gíráàmù ń sọ fún àbúrò rẹ̀ tó wà láàyè pé kó lọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí wọ́n bá kọ "ọkàn dáwọ́ iṣẹ́ dúró" sínú ìwé ikú, kí ni àbúrò yẹn rí kọ́? Gbogbo òkú ni ọkàn rẹ̀ dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

Orí ni a ó là tẹ̀ lé e, láti ẹ̀yìn etí kan gba àtàrí dé ẹ̀yìn etí kejì. Irun tàbí gèlè á bo ojú àpá náà tán. Ayùn á ṣí agbárí, a ó wo ẹ̀jẹ̀ tó wà lókè awọ ọpọlọ, èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ àti èyí tó wà nínú ọpọlọ gan-an, torí ohun tó ń fa ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ọrùn ni a máa ń fi gbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ orí àti ti àyà ti ṣàn kúrò. Bí a bá kánjú fọwọ́ kan ọrùn ṣáájú, ẹ̀jẹ̀ á tú wọ inú ẹran ibẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ á sì sọ pé wọ́n fún un lọ́rùn. Iṣan ọrùn ni a ó ṣí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ṣí ewé ẹ̀kọ, títí dé egungun kékeré tó wà lókè gògóńgò. Ó lè kán bí wọ́n bá fi ọwọ́ fún àgbàlagbà lọ́rùn. Ẹni tí wọ́n bá lórí okùn ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tú kókó. Ẹ gé okùn náà níbi tó jìnnà sí kókó, kí ẹ sì fi èyí tó wà lọ́rùn sílẹ̀ fún wa. Bí kókó ṣe rí àti bí ojú okùn ṣe dagun lọ́rùn ni a fi ń mọ ẹni tó pokùn so fúnra rẹ̀ àti ẹni tí wọ́n pa tán tí wọ́n gbé kọ́.

Ẹ̀jẹ̀ tí a ó yẹ̀ wò fún májèlé, láti iṣan òkè itan ni a ti ń fà á. Ti inú ọkàn ń tàn wá jẹ, torí lẹ́yìn ikú, oògùn a máa jò láti inú ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró wọ inú rẹ̀, iye rẹ̀ á sì ga ju bó ṣe wà nígbà tí ẹni náà wà láàyè. A ó dà á sínú ìgò tó ní sodium fluoride, kí kòkòrò má bàa máa pọn ọtí nínú rẹ̀. Omi inú ẹyinjú, mílílítà 2 tàbí 3 láti ojú kọ̀ọ̀kan, wúlò púpọ̀, torí ìjẹrà kì í tètè dé ibẹ̀. A ó mú ìtọ̀, òróòro, gbogbo ohun tó wà nínú ikùn, àti ẹ̀dọ̀ tó tó 100 gíráàmù. Ìgò kọ̀ọ̀kan á ní orúkọ, ọjọ́ àti aago, á ní òǹtẹ̀, ẹni tó gbà á á sì fọwọ́ sí i. Ìgò tí kò ní orúkọ lára, agbẹjọ́rò á fọ́ ẹjọ́ náà túútúú nílé ẹjọ́. Ní ti ọ̀tápiápiá, tí NAFDAC fòfin de ike kékeré 100 mílílítà rẹ̀ ní 2019, ó ń tètè túká nínú ara. Bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, òórùn rẹ̀ nínú ikùn lè máà sí mọ́. Ẹ gbé ike tí ẹ bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú wá, pẹ̀lú ife tó fi mu ún, káàdì ilé ìwòsàn rẹ̀, gbogbo oògùn tó ń lò, àti àgbo.

Aṣọ náà ńkọ́? Ihò tó wà lára aṣọ ń sọ bí ìbọn ṣe jìnnà tó, torí ẹ̀tù àti èéfín a máa dúró sára rẹ̀ bí ìbọn bá súnmọ́. Ìbọn ṣakabùlà ń tú ọta ká. Bí ọta bá wọlé ní ojú ihò kan ṣoṣo, ìbọn súnmọ́. Bó bá fọ́n ká, ó jìnnà. Ṣùgbọ́n ká tó sọ iye mítà, a ní láti yin ìbọn yẹn gan-an wò. Ẹ má fọ aṣọ náà, ẹ má sun ún. Ẹ sá a kó gbẹ, kí ẹ sì fi sínú àpò ìwé. Inú ọ̀rá, á lóoru, á bu, gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ á sì bà jẹ́. Àwọn tó ń fi ọ̀bẹ tàbí ata sí òkú lọ́wọ́ kó lè lọ gbẹ̀san, a bọ̀wọ̀ fún ìbànújẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gé èékánná ọwọ́ náà, ká yọ awọ tàbí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá a jà tó lè wà lábẹ́ rẹ̀.

Nípa ẹ̀rù pé a ń yọ ẹ̀yà ara tà, yàtọ̀ sí èyí tí a ní a ń mú fún àyẹ̀wò májèlé, ohun tí a ń mú sílẹ̀ láti inú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ò ju kóró ṣúgà kan lọ. Àwọn ẹ̀yà yòókù ń padà sínú òkú, a ó fi òwú rán an, a ó wẹ̀ ẹ́. Nígbà mìíràn ọpọlọ máa ń ní láti wà nínú fọ́málíìnì fún ọ̀sẹ̀ 2 ká tó lè gé e; ó yẹ kí dókítà sọ èyí fún ẹbí ṣáájú, ẹ̀tọ́ ẹbí sì ni láti béèrè. Kíndìnrín ẹni tó ti kú láti àná ò ṣeé gbìn sára ẹnikẹ́ni. Ẹbí tún lè bẹ dókítà tiwọn kó wá jókòó tì wá nígbà tí a bá ń ṣe é. Gbogbo rẹ̀ sábà máa ń gba wákàtí 2 sí 4, nítorí náà Mùsùlùmí tí ẹbí rẹ̀ tètè fi tó ọlọ́pàá létí, tí májísíréètì tó jẹ́ kórónà sì fọwọ́ síwèé láàárọ̀, wọ́n lè sin ín lọ́jọ́ náà. Àwọn àgbà onímọ̀ ẹ̀sìn ní Saudi Arabia àti Íjíbítì ti gbà pé ó tọ́ nígbà tí ìdájọ́ bá béèrè rẹ̀.

Àwa Ẹ̀gbá ò ní láti wá àpẹẹrẹ lọ sọ́nà jíjìn. Olóyè MKO Abíọ́lá kú lójijì ní àtìmọ́lé ní Abùjá, ní 7 oṣù keje 1998. Ọ̀rọ̀ pé májèlé wà nínú tíì tó mu gba ìgboro kan. Ní ọjọ́ 4 lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn dókítà aláyẹ̀wò òkú láti òkè òkun yẹ ara rẹ̀ wò, wọ́n ní àrùn ọkàn tó ti pẹ́ ni, wọ́n sì mú ẹ̀yà lọ fún àyẹ̀wò májèlé. Ọ̀pọ̀ ò gbà títí dòní, a ò sì fẹ́ dá ẹjọ́ yẹn níbí. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò wà tí èèyàn lè tọ́ka sí. Ẹ wá fi wé ti olórin MohBad, tó kú ní 12 oṣù kẹsàn-án 2023. Wọ́n sin ín ní ọjọ́ kejì, wọ́n hú u jáde ní ọjọ́ 21 oṣù náà. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò sọ fún kórónà pé òun ò lè tọ́ka sí ohun tó pa á, torí ara ti jẹrà. Ọjọ́ 8 nínú ilẹ̀ ló ṣe bẹ́ẹ̀.

Olóòtú wa, ẹ̀yin náà ní ipa tiyín. Èsì ohun tí a fi ojú rí lè jáde lọ́jọ́ kan náà, ti ẹran tí a gé wò lábẹ́ ẹ̀rọ ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2, ti májèlé lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ilé àyẹ̀wò tó ń ṣe é dáadáa ò pọ̀ nílẹ̀ yìí. Bí akọ̀ròyìn yín bá kọ "wọ́n fún un ní májèlé jẹ" ní ọjọ́ kejì ikú, ẹnikẹ́ni láàrin wa ò tíì mọ̀ nígbà náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ títí ìwé èsì yóò fi dé ọwọ́ kórónà, kí ẹ sì rán àwọn òǹkàwé létí nínú ìròyìn náà pé ikú òjijì kọ̀ọ̀kan, àgọ́ ọlọ́pàá ló yẹ kí ẹbí kọ́kọ́ gbà lọ kí wọ́n tó gba mọ́ṣúárì lọ.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Àwọn òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò òkú,
Abẹ́òkúta.